Iye ọmọ tí a kà, àti iye ọmọ tó lè kà

Ìbéèrè: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Ìsẹ́yìn. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún tó yọ̀ǹda ara wọn la jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 10 sí 15 ní ìwé kíkà, nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, Wẹ́sìdè àti Fúráìdè, láìgba kọ́bọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ọmọ 60 ló wà lọ́wọ́ wa báyìí, a sì máa ń dá àwọn mìíràn padà torí àyè. A kọ̀wé sí àjọ kan tó ń fún irú àwa lówó. A fi fọ́tò ránṣẹ́, a sì sọ fún wọn pé ọmọ 412 ló ti gba ọwọ́ wa kọjá. Wọ́n fèsì pé iye àwọn tó wá kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà ń so èso, pé ká fi dátà hàn wọ́n. Irú dátà wo ni wọ́n ń wí? Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ní àfi ká ra kọ̀ǹpútà. Àwọn òbí ń dúpẹ́ o, àwọn ọmọ náà ń dúpẹ́. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ "dátà" yìí palẹ̀. Bí ẹ bá sọ fáwọn ọ̀dọ́ yín pé ẹ fẹ́ dátà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mówó wá kí wọ́n bá yín rà á sórí fóònù. Èyí tí dónọ̀ yẹn, àjọ tí ẹ kọ̀wé sí láti tọrọ owó, ń wí kò ju àkọsílẹ̀ lọ: ohun tí ẹ fojú rí, tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíì fi lè bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ti pe orúkọ nínú rẹ́jísítà rí, ẹ ti ka máàkì rí. Iṣẹ́ yín àtijọ́ náà ni.

Mo mọ̀ pé èsì wọn dùn yín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọmọ 412 kì í ṣe kékeré. Àmọ́ bí mo bá bi yín pé nínú 412 yẹn, mélòó ni kò lè ka "bàbá" nígbà tó dé, tó wá ń ka odidi ìtàn nígbà tó ń lọ, kí lẹ máa wí? Mélòó ló wá lẹ́ẹ̀mejì péré tí ẹ ò fi ojú kàn án mọ́? Nọ́ńbà yín kò lè sọ. A ti ka àwọn ọmọ. Bí àwọn ọmọ ṣe ń kà ni a kò tíì mọ̀.

Ẹ wo alájọ. Alájọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wo kìkì owó tó wà nínú báàgì. Oníkálukú ló ní káàdì tirẹ̀, ojú ilé 31 ló wà lórí ẹ̀, ọjọ́ tí èèyàn bá dá ló ń fàlà sí. Bí ìyá alátà kò bá dá fún ọjọ́ mẹ́ta, alájọ kò ní dúró dìparí oṣù kó tó mọ̀. Káàdì ti sọ fún un. Á yà sí ìsọ̀ ìyá náà láti béèrè pé ṣé kò sí o. 412 yín, owó inú báàgì ni. Káàdì ni kò sí.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé nóòtù kan tó nípọn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kan. Orúkọ, ọjọ́ orí, kíláàsì tó wà níléèwé, fóònù òbí tàbí alágbàtọ́, ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ibi tí ìwé kíkà rẹ̀ dé lọ́jọ́ náà. Lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tó wá àti ọjọ́ tí kò wá. Ní ìparí táàmù, ibi tó kà dé. Bó bá kúrò, ọjọ́ tó kúrò àti ohun tó mú un lọ. Ó parí. Mo ti rí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ kan tó bi ọmọ ọdún mọ́kànlá ní nǹkan bí ogójì ìbéèrè, títí kan ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ àti bóyá tẹlifíṣọ̀n wà nílé wọn. Mo bi ọ̀gá wọn pé kí ni wọ́n fi ìdáhùn tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn fọ́ọ̀mù náà wà nínú páálí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, eku ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kà á. Kẹ́ ẹ tó fi ìlà kan kún ìwé yín, ẹ bi ara yín pé: bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí la máa ṣe ní Mọ́ńdè? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ohun kan náà lẹ máa ṣe lọ́nà méjèèjì, ẹ má wulẹ̀ béèrè.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tí ọmọ kà dé? Ibí ni mo fẹ́ ká ti fara balẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà ní Íńdíà tó ń jẹ́ Pratham, ìlú Mumbai ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Láti 2005 ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní ASER: àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn á wọ abúlé, wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú tákàdá kan lọ́wọ́. Lẹ́tà wà lórí tákàdá náà, ọ̀rọ̀ kéékèèké wà, ìpínrọ̀ kúkurú wà, ìtàn kékeré tí ọmọ kíláàsì kejì yẹ kó lè kà wà. Wọ́n á jókòó ti ọmọ, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á ní kó kà. Ibi tó bá dé ni wọ́n máa kọ. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún lábúlé Íńdíà ni kò lè ka ìtàn kíláàsì kejì. Gbogbo wọn ló sì wà nínú rẹ́jísítà iléèwé o! Ẹni tó bá ka orí wọn á ní ẹ̀kọ́ ń lọ geerege.

Ohun tí Pratham fi ìmọ̀ yẹn ṣe ló mú kí n fẹ́ràn àpẹẹrẹ wọn. Wọ́n tú àwọn ọmọ ká kúrò ní kíláàsì fún wákàtí bíi mélòó kan lóòjọ́, wọ́n wá tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n kà dé, láìwo ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí kò mọ lẹ́tà jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò mọ lẹ́tà, olùkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí àwọn àti Michael Kremer jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, bá wọn dán ọ̀nà yìí wò láìmọye ìgbà, tí wọ́n ń fi iléèwé tó ń lò ó wé èyí tí kò lò ó. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí wọ́n bá ti tẹ̀ lé e bó ṣe yẹ. Àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè ọya lọ́dọ̀ tiwa náà ti ń lò ó.

Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe ìpele márùn-ún: ọmọ tí kò mọ lẹ́tà rárá, èyí tó mọ lẹ́tà, èyí tó lè ka ọ̀rọ̀, èyí tó lè ka ìpínrọ̀, èyí tó lè ka ìtàn kó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe tákàdá méjì, ọ̀kan ní Yorùbá, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, torí ọmọ tó ń kọsẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì lè máa sáré nínú Yorùbá, tàbí kí ó jẹ́ òdì kejì. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá kíkà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu àbí èdè. Nínú tákàdá Yorùbá, ẹ má yọ àmì ohùn sílẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn bí i "Ọkọ Àdùkẹ́ gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀" síbẹ̀. Ọmọ tó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà kò tíì kà á, ó kàn ń méfò ni. Ẹni tó sì ti há ìwé kíláàsì rẹ̀ sórí kò ní rí gbólóhùn yẹn há.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó ọmọ kan lórí tákàdá kan. Ọmọ 60, ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 300, wákàtí márùn-ún. Ọ̀dọ́ márùn-ún lẹ ní, wákàtí kan péré ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ kan fún Yorùbá, ìrọ̀lẹ́ kan fún Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà kan wà tí mi ò ní gbà kẹ́ ẹ yẹ̀: kí olùkọ́ má fúnra rẹ̀ yẹ ọmọ tó ń kọ́ wò. Kì í ṣe pé a pe ẹnikẹ́ni lólè. Olùkọ́ tó fẹ́ràn ọmọ á fi ẹnu rẹ̀ ràn án lọ́wọ́ láìmọ̀, á sì ní "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á." Ẹ pààrọ̀ wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwọn tó kúrò, torí àwọn ni kì í sí nínú fọ́tò. Mo ti jìn sí kòtò yìí rí, mo sì tún ti àwọn ẹlòmíì sínú rẹ̀: mo kọ ìròyìn fún ẹgbẹ́ kan pé máàkì àwọn ọmọ wọn ti gòkè gan-an, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ọdún kejì ni mo tó rí i pé irọ́ ni mo pa, láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà tó rọrùn ṣàlàyé rẹ̀ (kì í ṣe nọ́ńbà wọn). Ká ní ọmọ 60 ló bẹ̀rẹ̀, tí ìpíndọ́gba máàkì wọn jẹ́ 30. Ìparí táàmù dé, ó ku ọmọ 36, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 50. Ẹni tó ń kánjú á kọ̀wé pé: láti 30 sí 50, a ti fi máàkì 20 kún un! Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ojú ewé àwọn 36 yẹn, ẹ wo máàkì tí wọ́n mú wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ rí i pé 42 ni. Àwọn 24 tó kúrò, tí ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 12, ló fa gbogbo ẹ̀ wálẹ̀ sí 30. Nítorí náà máàkì 8 péré lẹ fi kún un. Máàkì 12 tó kù, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà ló fi sílẹ̀ fún yín nígbà tí wọ́n jáde lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé àwọn tí ẹ torí wọn dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ gan-an ni kò gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ní káàdì kò lè ṣe àṣìṣe yìí. Ẹni tó ní àròpọ̀ nìkan kò lè ṣe kó máà ṣe é.

Ní Ìsẹ́yìn yín, mo lè fojú inú wo ibi tí àwọn kan gbà lọ. Ọmọkùnrin tó bá ti tó fà lọ́wọ́ lè wà nídìí òfì nírọ̀lẹ́, pàápàá tí oṣù Kejìlá bá ń bọ̀ tàbí tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn aláṣọ ẹbí ti ń dààmú oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n àbá tèmi nìyẹn o; ẹ má fi ṣe àkọsílẹ̀. Ẹ lọ béèrè. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ gba ojúlé ọmọ mẹ́wàá tó kúrò lọ ní Sátidé, kó jókòó, kó jẹun tí wọ́n bá fún un, kó sì gbọ́. Kó kọ ọ̀rọ̀ tí òbí sọ gẹ́lẹ́, kó má sọ ọ́ di "ìṣòro ọrọ̀ ajé." Bí mẹ́fà nínú mẹ́wàá bá wà nídìí òfì, ìdáhùn yín lè jẹ́ láti gbé kíláàsì lọ sí àárọ̀ Sátidé, tàbí láti gbé tákàdá lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń hunṣọ. Bó bá jẹ́ pé ojú ló ń tì wọ́n láti jókòó pẹ̀lú ọmọdé, ìyẹn tún gba ọgbọ́n mìíràn.

Ẹ tún fi àmì sí ọjọ́ ọjà nínú rẹ́jísítà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í ronú kan èyí, torí dónọ̀ ló ṣe fọ́ọ̀mù fún wọn, dónọ̀ kò sì mọ ọjà. Ọjà tí à ń ná ní ọrọọrún kì í bá ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje rìn: bó bá bọ́ sí Mọ́ńdè, Fúráìdè ló máa bọ́ sí tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Túsìdè, lẹ́yìn náà Sátidé. Bí ẹ bá ń wo Mọ́ńdè àti Fúráìdè nìkan, ẹ máa rí i pé àwọn ọmọ ń wá lọ́sẹ̀ kan, wọn ò wá lọ́sẹ̀ kejì, ẹ ó sì máa sọ pé ọmọ ìwòyí kò níbi tí wọ́n fọkàn sí. Fi àmì ọjà sí i, á hàn gbangba pé igbá ìyá wọn ni wọ́n rù.

Ẹ bi mí pé ṣé ọpẹ́ àwọn òbí kì í ṣe ẹ̀rí ni. Mà, mo mọyì ọpẹ́ yẹn. Kì í ṣe ẹ̀rí. Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ní ìbéèrè yìí.

Dókítà kan wà ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, Richard Clarke Cabot lorúkọ rẹ̀. Ó gbà gbọ́ pé bí ọmọkùnrin tí ilé le fún bá ní àgbàlagbà kan tó fẹ́ràn rẹ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́ wò, kò ní di ọ̀daràn. Èrò tó dára ni, ta ló máa lóun kò fẹ́? Ohun tó mú Cabot yàtọ̀ ni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Wọ́n kó ọmọkùnrin 506 jọ ní ìlú Cambridge àti Somerville. Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, àwọn tí ọjọ́ orí, ilé àti ìwà wọn jọra, wọ́n wá sọ owó ẹyọ sókè: ọ̀kan á gba ìrànlọ́wọ́, èkejì á wà bó ṣe wà. Ọmọ 253 níhìn-ín, ọmọ 253 lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ọdún tí Cabot fúnra rẹ̀ kú, ó sì lọ títí di 1945. Àwọn olùdámọ̀ràn ń lọ sílé àwọn ọmọ náà déédéé fún ọdún bíi márùn-ún. Wọ́n bá wọn wá olùkọ́, wọ́n mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n rán àwọn kan lọ sí àgọ́ ìsinmi.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Joan McCord wá àwọn ọkùnrin yìí kàn, nígbà tí wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ. Ó bi àwọn tó gba ìrànlọ́wọ́ pé ṣé ó ṣe wọ́n láǹfààní. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan ní àwọn olùdámọ̀ràn yẹn ni kò jẹ́ kí àwọn sọnù. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló dúró, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ á dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn 253 kejì lọ́wọ́. Ó wo àkọsílẹ̀ kóòtù, ilé ìwòsàn, ikú. Àwọn tó gba ìrànlọ́wọ́ kò dín ní ìwà ọ̀daràn rárá. Nínú àwọn tó ti dẹ́ṣẹ̀ rí, àwọn ló tún pọ̀ jù nínú àwọn tó padà sídìí rẹ̀. Àmì ọtí àmujù pọ̀ lára wọn, àìsàn ọpọlọ pọ̀, àwọn tó ti kú nínú wọn sì tètè kú. Ó tẹ èsì náà jáde ní 1978, inú ọ̀pọ̀ èèyàn kò dùn sí i. Nígbà tí wọ́n tún tú u wò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n rán lọ sí àgọ́ ìsinmi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ìpalára náà pọ̀ lára wọn jù. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé níbi tí ọmọ oníwàhálà pọ̀ sí ni wọ́n ti kọ́ ara wọn níwà burúkú.

Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí àwọn ìdá méjì nínú mẹ́ta yẹn ni ara mi máa ń bù máṣọ. Wọn kò purọ́. Ẹnì kan fẹ́ràn wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lóore. Ohun tí wọn kò lè mọ̀ ni bí ayé wọn ì bá ṣe rí ká ní ẹni yẹn kò wá. Èèyàn kan kì í gbé ayé méjì. Ìdí nìyí tí a fi nílò ẹlòmíràn tí a máa fi wé e.

A ti ṣe irú rẹ̀ rí nílé wa, ó sì yẹ kí ojú wa máa dán tí a bá ń sọ ọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọn kò kàn pariwo pé èdè abínibí dára. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tó dáńtọ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Kíláàsì tí wọ́n fi wé wọn ń fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ṣí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta bí a ti ṣe ń ṣe é káàkiri. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn méjèèjì, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn nínú ohunkóhun, Gẹ̀ẹ́sì gan-an pẹ̀lú. Bí kò bá sí kíláàsì kejì yẹn, ẹnu lásán ni Fáfúnwá ì bá fi bá àwọn alátakò rẹ̀ jà.

Ẹ̀yin náà ní ohun tí ẹ lè fi ṣe àfiwé, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ẹ ní ẹ máa ń dá ọmọ padà torí àyè. Ta lẹ̀ ń dá padà? Mo fura pé ẹni tó pẹ́ dé ni, tàbí ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú yín. Ní táàmù tó ń bọ̀, bí ọmọ 100 bá wá fún àyè 60, ẹ yẹ gbogbo 100 wò lórí tákàdá, kẹ́ ẹ wá ṣẹ́ gègé lójú àwọn òbí. Ẹni tí gègé bá mú á bẹ̀rẹ̀. Ogójì tó kù á wọlé ní táàmù kejì, kí ẹ sì ṣèlérí yẹn lójú gbogbo ayé. Ní ìparí táàmù àkọ́kọ́, ẹ tún yẹ gbogbo 100 wò, títí kan àwọn tó bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì kúrò. Ọmọ máa ń dàgbà, iléèwé náà ń kọ́ wọn, ogójì yẹn á ti gòkè díẹ̀. Èyí tí 60 fi ga ju ti ogójì lọ, ìyẹn ni tiyín.

Ẹnì kan á sọ pé ẹ ń fi ọmọ ọlọ́mọ dánra wò. Ẹ dá a lóhùn pé àyè kò tó tẹ́lẹ̀, gègé kò sì mojú ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Chicago ní 2012, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ iṣẹ́ ìgbà ìsinmi pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà lọ. Wọ́n fi ìbò mú wọn nínú ọ̀dọ́ 1,634, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré. Sara Heller tó ṣe ìwádìí náà rí i pé láàárín oṣù 16, mímú tí ọlọ́pàá ń mú wọn fún ìwà ipá dín ní 43 nínú 100 sí ti àwọn tí ìbò kò mú. Ẹgbẹ́ tiyín kéré, nítorí náà bí ẹ bá rí ìyàtọ̀ díẹ̀, ẹ má tíì lu ìlù. Ó lè jẹ́ kòńgẹ́. Ẹ ṣe é ní táàmù méjì, mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sọ̀yà.

Ti kọ̀ǹpútà: ẹ má rà á. Ẹ lo ìwé nóòtù fún táàmù kan gbáko. Bí ó bá mọ́ yín lára, áàpù kan tí wọ́n fi ń gba àkọsílẹ̀, KoboToolbox, wà tí ẹ lè lò lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, á kó o jọ títí tí ẹ fi máa rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹgbẹ́ tí kò lè kọ ojú ewé 60 dáadáa sínú nóòtù kò ní lè kọ ọ́ dáadáa sínú kọ̀ǹpútà, á kàn yára bà á jẹ́ ni.

Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn ń kọ mí lóminú díẹ̀. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ó sì béèrè pé kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó lo ìsọfúnni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ kọ ìwé àṣẹ kékeré kan ní Yorùbá tó yé èèyàn, kí òbí buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ̀ka. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni kẹ́ ẹ lò nínú ohunkóhun tó bá máa jáde kúrò lọ́wọ́ yín. Ìwé tí orúkọ wà nínú rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ibùgbé rẹ̀, kì í ṣe orí WhatsApp. Ọmọ ọdún 14 tí kò mọ̀wé kà kò fẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀.

Ẹ wá kọ̀wé padà sí dónọ̀ náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yẹ àwọn ọmọ wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ 412 ló ti wá ní ọdún mẹ́ta, pé ẹ kò wọn bí wọ́n ṣe ń kàwé, àti pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ iye ọmọ tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan nínú 60 tó wà lọ́wọ́ yín báyìí. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa yí padà nítorí rẹ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ máa fi èsì táàmù ránṣẹ́, àti ti àwọn tó bá kúrò. Bí wọ́n bá ní àfi kẹ́ ẹ mú àṣeyọrí wá lóṣù tó ń bọ̀, ẹ wá dónọ̀ mìíràn, torí irú wọn ló ń kọ́ ẹgbẹ́ ní irọ́ pípa. Ẹ fi ẹ̀dà tákàdá méjèèjì sínú lẹ́tà náà. Bí ẹnì kan lọ́fíìsì wọn bá gbọ́ Yorùbá, tó sì ka ti Àdùkẹ́, ọkọ rẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ àti ọkọ̀ rẹ̀ sókè, á mọ̀ pé olùkọ́ ló kọ̀wé sí òun.